Ẹ lọ bá wọn ṣe Maghi: ìdáhùn nípa àwọn Tharu ilẹ̀ Nepal

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Nọ́ọ̀sì ni mí nílùú Leeds. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọmọ Nepal, Chaudhary ni orúkọ ìdílé rẹ̀, pè mí wá sílé wọn nínú oṣù kìn-ín-ní láti wá bá wọn ṣe ọdún tí wọ́n ń pè ní Maghi. Ó ní Tharu ni òun. Ọmọ Nepal mìíràn ní wọ́ọ̀dù wa wá sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé ará inú igbó ni àwọn Tharu, pé ibà kì í ṣe wọ́n, pé eku ni wọ́n ń jẹ. Ó dùn mí, nítorí mo mọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń sọ nípa àwa náà lẹ́yìn wa. Mùsùlùmí ni mí, n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, n kì í mu ọtí. Ta ni àwọn èèyàn yìí gan-an? Ṣé kí n lọ?"

Ẹ kú iṣẹ́ òru, arábìnrin wa. Ẹ lọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó pè wọ́n ní ará inú igbó yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí inú ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an ni ìtàn àwọn Tharu wà.

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Nepal, òkè gíga tí yìnyín bò ni ọkàn wa ń lọ bá. Gúúsù Nepal kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ooru ń mú níbẹ̀, oko ìrẹsì ló kún ibẹ̀. Terai ni wọ́n ń pè é, ó sì nà gbọọrọ lẹ́bàá ààlà Íńdíà. Ibẹ̀ ni ilé àwọn Tharu. Ìkànìyàn tí Nepal ṣe ní 2021 ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 nínú wọn, àwọn mìíràn sì wà ní òdìkejì ààlà, ní Uttar Pradesh, Uttarakhand àti Bihar.

Wọn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Rana wà ní Kanchanpur àti Kailali ní ìwọ̀ oòrùn pátápátá. Dangaura ti àfonífojì Dang wá, wọ́n sì ti tàn dé Bardiya àti Kailali. Kathariya wà, Chitwania wà, Kochila sì wà lápá ìlà oòrùn, ní Saptari àti Sunsari. Bí Rana bá sọ èdè tirẹ̀ fún Kochila, àfi kí wọ́n tún wá èdè mìíràn tí wọn yóò fi gbọ́ ara wọn. Síbẹ̀ Tharu ni gbogbo wọn ń pe ara wọn. Orúkọ Chaudhary tí ẹ rí yẹn, oyè ni tẹ́lẹ̀: ẹni tó ń bá ìjọba gba owó orí ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ, kó tó di orúkọ ìdílé fún àìmọye Tharu. Mo fura pé Dangaura ni ará ibi iṣẹ́ yín, nítorí Maghi ni ọdún tó tóbi jù lọ lójú wọn. Ká ní Rana ni, ọdún Holi ni ì bá pè yín sí.

Ẹ wá gbọ́ ti ibà. Igbó kìjikìji ni Terai tẹ́lẹ̀, ibà ibẹ̀ sì le débi pé àwọn ará òkè ní orúkọ tirẹ̀ fún un: aulo. Ará òkè tó bá ní ohun tó ń wá nísàlẹ̀, ìgbà òtútù ló ń sọ̀ kalẹ̀, á sì ti gun òkè padà kí ooru tó dé. Àwọn tó ń jọba ní Nepal mọ̀ọ́mọ̀ fi igbó náà sílẹ̀ bí odi, kí ibà inú rẹ̀ lè bá wọn dí ọ̀nà mọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Íńdíà. Àwọn Tharu àti ẹ̀yà kéékèèké mìíràn ló ń gbé inú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n ń dá oko, tí wọ́n ń pẹja.

Lápá ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi àwọn Tharu wé àwọn aládùúgbò wọn. Nínú iye ènìyàn kan náà, níbi tí Tharu kan ti ní ibà, nǹkan bíi méje nínú àwọn yòókù ló ní in. Ìwádìí mìíràn ní 1991 wá tọ́ka sí ohun tó fà á: alpha-thalassemia, ìyípadà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lára gbogbo wọn, tó sì ń dín agbára ibà kù. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n bó ṣe ń jẹ gbogbo ènìyàn. Kí ẹ̀jẹ̀ odindi ẹ̀yà tó lè yí padà báyìí, ìran lórí ìran àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò ní ìyípadà náà ni ibà ti kó lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn Tharu kì í ṣe ènìyàn bí tiwa kò mọ iye òkú tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Àwa Yorùbá mọ irú nǹkan yìí dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì kò nílò kí n tó sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ AS ń bá ọmọ jà lọ́wọ́ ibà, pé SS tó bá a wá sì ni fòníkú-fọ̀ladìde. Àrùn yìí kan náà wà láàárín àwọn Tharu ní ìwọ̀ oòrùn Nepal, ní Dang, Banke, Bardiya àti Kailali, ó sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ti aláwọ̀ dúdú nìkan ni, ó lè má ronú kàn án rárá bí ọmọ Nepal bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí egungun ń dùn ún. Ẹ̀yin ti wá mọ̀ báyìí, ẹ má gbàgbé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Nepal, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí fín DDT, oògùn tó ń pa ẹ̀fọn, káàkiri Terai. Ibà rọlẹ̀. Bí ibà ṣe ń kẹ́rù lọ ni ará òkè ń kẹ́rù bọ̀. Wọ́n gé igbó, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n sì lọ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Oko wà lọ́wọ́ àwọn Tharu, ìwé oko ni kò sí. Òfin kan tí Nepal ti ṣe ní 1854, Muluki Ain, ti to gbogbo ẹ̀yà ilẹ̀ náà ní ipele-ipele kó tó di ìgbà yẹn, ó sì ka àwọn Tharu mọ́ àwọn amutí tí a lè sọ di ẹrú. Nítorí náà, bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ yóò fì sí ti hàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Maghi ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Magh nínú kàlẹ́ńdà Nepal, tó máa ń bọ́ sí 14 tàbí 15 oṣù kìn-ín-ní tiwa. Ọdún tuntun àwọn Tharu nìyẹn. Mo ti wà ní Dang nígbà Maghi, n ó sì sọ bí mo ṣe rí i. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo abúlé sì gbọ́ igbe rẹ̀. Lálẹ́, mo jókòó ti ìyá àgbà kan nídìí ààrò, ó ń ṣe dhikri. Ó da omi gbígbóná sí ìyẹ̀fun ìrẹsì, ó pò ó títí ó fi le dáadáa, ó wá ń bù ú díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí tó fi rí bí ìka. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi mọ ẹyẹ, ó mọ ẹja, ó mọ ejò kan fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń tòògbé. Ó tò wọ́n sínú agbọ̀n, ó gbé e lé orí ìkòkò omi tó ń hó, ó sì dé e, bí a ṣe ń fi ooru omi se èkuru gẹ́lẹ́. Wọ́n kì í fi epo sí i, wọ́n kì í fi ata sí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ata wà, nínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

A ò sùn. Wọ́n dáná síta, wọ́n ń kọrin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ilé kọrí sí odò. Oṣù kìn-ín-ní ní Terai, kùrukùru a máa bo gbogbo ilẹ̀ débi pé ẹni tó wà níwájú rẹ ni o fi ń mọ ọ̀nà. Omi tutù bí yìnyín, wọ́n sì wọ inú rẹ̀, tọmọdé tàgbà. Nígbà tí wọ́n padà délé, àwọn ọmọdé tẹríba fún àgbà kọ̀ọ̀kan, àgbà sì súre. Lẹ́yìn èyí ni ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ: wọ́n bu ìrẹsì, iyọ̀ àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ sọ́tọ̀. Nisrau ni wọ́n ń pè é. Ti ọmọbìnrin ilé tó ti lọ sílé ọkọ ni. Bó ti wù kó jìnnà tó, ìpín rẹ̀ kò gbọdọ̀ má jáde.

Jíjẹ àti mímu lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n sì ń jó ijó tí wọ́n ń pè ní Maghauta láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rò pé àríyá nìkan ni Maghi, ẹ kò tíì rí i. Khojni-bojhni ló wà nídìí rẹ̀, ìyẹn ni pé kí a wá ọ̀rọ̀ kiri kí a sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ilé jókòó. Kí ni a rí kórè lọ́dún tó lọ? Gbèsè wo ló wà lọ́rùn wa? Ta ni yóò jẹ́ olórí ilé lọ́dún yìí, ta ni yóò da ẹran, obìnrin wo ni yóò ṣàkóso ilé ìdáná? Ṣé àkókò tó kí àbúrò yà kúrò láti lọ dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, ọjọ́ náà ni yóò sọ ọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọdún ìbílẹ̀ kiri ayé, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo rí nínú wọn tí ó fi ọjọ́ àjọyọ̀ ṣe ọjọ́ ìṣirò.

Ohun tí ilé ṣe ni abúlé náà ń ṣe. Ẹnìkan láti ilé kọ̀ọ̀kan a wá jókòó, wọn a sì yan olórí abúlé fún ọdún kan. Matawan ni wọ́n ń pè é ní Dang, Barghar ní Bardiya, Bhalmansa ní Kailali àti Kanchanpur. Kò dà bíi baálẹ̀ tiwa tó jẹ́ pé ìdílé kan ló ń jẹ ẹ́. Bó bá ṣe dáadáa, wọ́n lè tún un yàn. Bí kò bá ṣe dáadáa, Maghi tó ń bọ̀ ni yóò gbé e kalẹ̀. Òun ló ń parí ìjà, òun ló ń pe ọ̀wẹ̀ fún títún ọ̀nà ṣe àti gbígbẹ́ ojú omi. Iṣẹ́ omi yìí kì í ṣe kékeré. Ní Kailali, láti 1896 ni àwọn àgbẹ̀ Tharu ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ àwọn ojú omi Rani, Jamara àti Kulariya láti odò Karnali wá sí oko wọn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ń tọ́jú wọn, ilé kọ̀ọ̀kan ń mú òṣìṣẹ́ wá. Ṣé ará inú igbó lẹ ní ẹni yẹn pè wọ́n?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọjọ́ Maghi yìí kan náà ni àwọn tí kò ní ilẹ̀ máa ń lọ dúró níwájú onílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti mọ ibi tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Kamaiya ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò burú nígbà kan: àgbẹ̀ alágbára tó ń bá ìdílé mìíràn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ni. Nígbà tí ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, ó di ìwọ̀fà. Bàbá yá owó, bóyá nítorí àìsàn, bóyá nítorí ìgbéyàwó ọmọ. Saunki ni gbèsè náà ń jẹ́. Owó iṣẹ́ kò tó jẹun, áńbọ̀sì kó tó san gbèsè, ọdún mìíràn á dé, gbèsè á tún ga sí i. Bó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ olówó kan, àfi kí olówó mìíràn san gbèsè náà kó sì mú un lọ. Bàbá kú, ọmọ jogún gbèsè. Àwọn àgbà wa tó mọ ìtàn ìwọ̀fà kò ní bi mí bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Kamlari ni wọ́n ń pe tiwọn. Ní Maghi ìgbà náà, alágbàtà á wá sí abúlé, á fi owó díẹ̀ lé bàbá lọ́wọ́, á mú ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Kathmandu tàbí ní ìlú mìíràn. Ọjọ́ tí wọ́n ń ya nisrau sọ́tọ̀ fún ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ ni ọmọbìnrin mìíràn ń jáde lẹ́nu ọ̀nà láìmọ ibi tó ń lọ. Mo mọ àwọn ìyá tí Maghi kò dùn mọ́ nínú títí dòní nítorí èyí.

Àwọn Tharu fúnra wọn ló jà á. Ní oṣù karùn-ún 2000, àwọn kamaiya ní Geti, Kailali, kọ ìwé ẹ̀sùn mú onílẹ̀ wọn, wọ́n ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún wọn. Ìwọ́de tàn dé Kathmandu. Ní 17 oṣù keje ọdún náà, ìjọba kéde pé kamaiya ti dópin, pé gbogbo gbèsè saunki ti parẹ́. Inú wọn dùn fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ sì lé wọn jáde láìsí ilé láìsí oko. Ẹ̀bá ọ̀nà àti etí igbó ni wọ́n sùn, inú àgọ́ ọ̀rá, àwọn mìíràn sì dúró de ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti kamlari pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ kan tí amòfin ará Amẹ́ríkà, Olga Murray, dá sílẹ̀ dé Dang ní 2000 pẹ̀lú èrò kan tó rọrùn: ìdílé tó bá fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílé, tó jẹ́ kó lọ síléèwé, á gba ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan tàbí ewúrẹ́ kan, kí wọ́n sìn ín kí wọ́n sì tà á, kó dípò owó tí wọn ì bá gbà lórí ọmọ. Àwọn ọmọbìnrin tó ti bọ́ wá di agbátẹrù ìjà náà. Shanta Chaudhary, tó di kamlari ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ ilé ìgbìmọ̀ tó ń kọ òfin tuntun fún Nepal ní 2008. Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2013 ni ìjọba tó kéde pé kò gbọdọ̀ sí kamlari mọ́, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà ti dí ọ̀nà nítorí ọ̀kan nínú wọn tó kú sílé tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ẹ lọ. Ìpè sí Maghi láti ọ̀dọ̀ ọmọ Tharu tó ti dàgbà ju ogójì ọdún lọ kì í ṣe ìpè síbi oúnjẹ lásán. Ó rántí bí ọjọ́ náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, tàbí ó ní ẹ̀gbọ́n tó rántí.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé wọn, ẹ wo ara ògiri. Bí wọ́n bá ní agbọ̀n tí wọ́n gbé wá láti ilé, ẹ sún mọ́ ọn. Àwọn obìnrin Dangaura ń fi koríko hun delwa, agbọ̀n tí ìyàwó ń gbé sórí, wọ́n sì ń to owó ẹyọ sí i létí yíká. Owó ẹyọ tí a ń sọ yìí, ti àwọn erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni, láti ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn bàbá wa ná lọ́jà ti wá. Ìyá rẹ̀, bó bá ń bẹ níbẹ̀, lè ní godna lẹ́sẹ̀: fínfín aláwọ̀ dúdú, tó-tò-tó láti kókósẹ̀ lọ sókè, bíi kóló tí àwọn ìyá ìyá wa kọ. Wọ́n ní wúrà àti fàdákà ilé ayé ni yóò kù sí, pé èyí nìkan ni obìnrin ń mú lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kò kọ ọ́ mọ́. Ẹ lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà. Inú wọn máa ń dùn láti sọ ọ́.

Ẹ tún lè bèèrè nípa deheri. Nínú ilé wọn ti àtijọ́, níbi tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń gbé pọ̀ pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ, òun ló pín yàrá sí yàrá: àká amọ̀ tó ga ju ènìyàn lọ, tí obìnrin fi amọ̀ àti ìyàngbò mọ láìfi iná sun ún. Ìrẹsì tí ilé yóò jẹ ni ògiri ilé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù báyìí. Ijó tí wọ́n ń fi ọ̀pá igi jó, èyí tí wọ́n ń fi han àwọn àlejò ní Sauraha, lẹ́bàá ọgbà ẹranko Chitwan, lẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni ayé mọ̀ mọ́ wọn. Láti 1973 tí wọ́n ti dá ọgbà yẹn sílẹ̀ ni wọ́n ti ń lé àwọn Tharu kan náà kúrò nídìí odò tí wọ́n ń pẹja àti koríko tí wọ́n fi ń bo ilé.

Ó wá ku oúnjẹ. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kì í sì í mu ọtí. Kò ní bínú. Láàárín àwọn Tharu pàápàá, ẹgbẹ́ Tharu Kalyankari Sabha tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949 wàásù pé kí wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé lápá ìlà oòrùn sì gbà. Jaar, ọtí tí wọ́n fi ìrẹsì pọn, ẹ kàn fi ọwọ́ bo ife yín, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín. Dhikri ni kí ẹ dojú kọ. Bí wọ́n bá gbé ghonghi wá, ìṣáwùrú ni, wọ́n ń fi ẹnu fà á jáde nínú ìkarahun bí a ṣe ń ṣe é nílé. Bí ẹ kò bá jẹ ẹ́, ẹ ní kò bá yín lára mu. Ní ti eku, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń jẹ eku oko lásìkò ìkórè, àwa tó mọ òkété àti ẹmọ́ kò lẹ́nu nínú ìyẹn.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Jákèjádò Nepal ni wọ́n ti ń jẹ iṣu lọ́jọ́ náà, tarul ni wọ́n ń pè é. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Leeds, ẹ yan iṣu kan tó dára, tí kò rà nídìí, kí ẹ sì gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹ bá ti wọlé.